Ìyá Tí Ó Jí Òkú Inú Eré

Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá àgbà kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń lọ láti Kàbà sí Ìyàrá.

"Ìyé, ẹ ò jẹ́ kí eré ìjọ wa parí lánàá o. Ọmọ yín ṣe bí ẹni tó kú, a fi aṣọ ìpò Búnú bò ó, mo ti ń sunkún lé e lórí. Àfi bí ẹ ṣe gun orí pèpéle!"

"Kí n jókòó kí n máa wo ọmọ mi lábẹ́ aṣọ pupa tí a fi ń sin àgbà? Èmi tí mo bí i ò tíì kú!"

"Ẹ sì fa aṣọ náà kúrò."

"Mo fà á. Mo ní, 'Dìde, oúnjẹ ń tutù.' Ó sì dìde!"

"Gbogbo èrò ló hó yè! Wọ́n rò pé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àwọn ará Ìyàrá tí a ń lọ ṣe é fún ti ní àwọn ò fẹ́ eré náà láìsí yín."

"Ṣé ẹ óò tún fi aṣọ náà bò ó?"

"A óò bò ó, Ìyé."

"Ẹ bò ó dáadáa. Èmi ni n óò jí i."

Ayọ̀ wọn wọ̀ mí lára débi pé omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rù sì tún bà mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ìjọ wa sì ti ní kí n wá ṣe òkú nínú eré tiwa. Ìyá mi ò tíì gbọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún un ṣáájú, àbí kí n kàn wá àyè ìjókòó fún un níwájú pèpéle?