Ọkọ̀ Rélùwéè tí Mo Fi Páànù Ṣe ní Ifọ̀

Nígbà tí ara mi ṣì le koko, tí mo ń ru omi láti odò dé ilé láì mí hẹlẹ, Ifọ̀ ni mo wà. Ẹ gbọ́. Mowé tí ẹ̀ ń wò yìí, tí ilé kún inú rẹ̀ bí èèrà, igbó ni nígbà náà. Ìbàfo náà, igbó ni. Ifọ̀ ni ìlú! Rélùwéè ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti Èkó dé, éèfín rẹ̀ á bo gbogbo aṣọ tí a sá, a ó tún un fọ̀. A kì í bínú. Ta ló máa bínú sí rélùwéè?

Iṣẹ́ páànù ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Bàbá mi ló kọ́ mi. Kò bí ọkùnrin. Ó ní, “Rábíátù, ọwọ́ ò mọ akọ, ọwọ́ ò mọ abo. Ohun tí o bá kọ́ ọ ló mọ̀.” Àtùpà, garawa, kóńgò... kò sí èyí tí n kì í ṣe. Màá gé páànù, màá fi òjé jó o pọ̀, omi kò ní jò níbẹ̀.

Ọkọ mi, Lásísì, bàbá bàbá yín, rélùwéè ni òun ń bá ṣiṣẹ́. Fáyámáànù ni. Ẹ mọ ìyẹn? Òun ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú síná kí omi lè máa hó nínú ẹ̀rọ. Ooru omi yẹn ló ń ti ọkọ̀. Èmi ń dáná nílé, òun ń dáná fún rélùwéè. Bí kò bá dáná, dírẹ́bà kàn jókòó lásán ni.

Ojú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ní bí ìkùukùu ló ṣe ń rí. Dókítà kan ní Abẹ́òkúta wò ó, ó ní kò sí oògùn. Kí ọdún tó yí po, ó ti di òkùnkùn. Ọkùnrin bíi kìnnìún! Mo wá ń fi ọwọ́ mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, á kọjú sí ògiri. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kan, mò ń jó ìdí garawa kan, ọkọ̀ sì ń kọjá lọ. Ó kàn ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹni tó ń dáná fún eléyìí kò mọ iṣẹ́. Ó ń da èédú jù. O ò gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ ni?”

Èmi? N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, “Bàbá Múnírù, kí ló tiẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀ gan-an?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin.”

“Ṣé kì í ṣe garawa ńlá tí wọ́n dé lórí, tí omi ń hó nínú rẹ̀ ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Háà! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. “Garawa! Rábíátù, o pe rélùwéè ní garawa!”

Mo ní, “Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Màá fi páànù ṣe é, ẹ ó sì mọ̀ bóyá garawa ni.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ ni.

Gígùn rẹ̀ kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka lọ. Òun ń sọ, èmi ń gé. Bí mo bá parí ibì kan, màá gbé e lé e lọ́wọ́, á fi ìka tọ́ ọ yíká. “Ẹsẹ̀ yìí ò yí dáadáa.” Màá tú u. “Ó ṣì ń mì díẹ̀.” Màá tún un tú! Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, mo ká etí wọn kí wọ́n má baà yọ lórí irin. Ibi tí éèfín ń gbà jáde, kòròfo ọta ìbọn ọdẹ ni mo fi ṣe é. Mo kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, mo kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Ó gbọ́, ó ní rélùwéè kì í ní ẹsẹ̀ pupa. Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wò ó ni?” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Èédú ò lè jó nínú ihò kékeré bẹ́ẹ̀. Bàbá Gàníyù, alágbẹ̀dẹ fàdákà àdúgbò wa, ló ní kí a ti òwú bọ inú ògógóró, kí a tàn án sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi fò dìde. “Ọtí? Nínú ilé èmi tí mò ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa mu ún. Ọkọ̀ ló máa mu ún.”

Ó ronú sí i títí... Ó ní kí ìgò náà ṣáà máa gbé ìta.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, omi gbẹ nínú rẹ̀ kí a tó mọ̀. Òjé yọ́ bí òrí. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan tú palẹ̀ níwájú mi. Mo sunkún, n kò ní purọ́. Àwọn ará àdúgbò ní, “Afọ́jú ń sọ, obìnrin ń rọ. Kí ni wọ́n rò pé ó máa jáde níbẹ̀?” Ọkọ mi gbọ́. Ó tún kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí ojú rẹ̀ fọ́ lọ. Mo mọ̀ pé bí a bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí, n kò ní rí ọkọ mi gbà padà mọ́.

Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà mi, èyí tí ìyá mi fi sìn mí lọ sílé ọkọ, mo gbé e tọ Bàbá Gàníyù lọ. Mo wá ọ̀pá bàbà oníhò kan mọ́ ọn, èyí tí màá fi ṣe ikùn omi ọkọ̀ náà lákọ̀tun. Mo ní, “Ẹ yọ́ fàdákà yìí, kí ẹ fi jó bàbà yìí pọ̀ fún mi. Fàdákà ò ní yọ́ bí òjé.”

Ó wò mí. “Rábíátù, ẹ̀gbà tí ìyá rẹ fún ọ lo fẹ́ fi ṣe ohun ìṣeré?”

Mo ní, “Kì í ṣe ohun ìṣeré, Bàbá. Ọkọ mi ni.”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ná. Mo gbé ikùn tuntun náà lé ọkọ mi lọ́wọ́, òun tún ń sọ, èmi tún ń gé, títí ọkọ̀ náà fi pé.

Ọ̀gá Sámúẹ́lì ni dírẹ́bà tí ọkọ mi ń dáná fún tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró gba omi ní téṣàn Ifọ̀, ọ̀sán gangan, mo jáde: ọkọ mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ wa lọ́wọ́ òsì. Mo tẹ́ pákó gígùn tí mo ti kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Èrò yí wa ká. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí i. Omi hó. Ó ṣí ọ̀nà fún ooru...

Kò lọ.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn. Ó pariwo, “Ẹ dákẹ́!” Gbogbo téṣàn pa lọ́lọ́. Ó ní, “Ooru ti tutù di omi, ó há sí i lọ́fun. Rábíátù, tì í síwájú. Fà á sẹ́yìn. Síwájú.” Mo tì í, mo fà á. Ó tutọ́ omi. Ó tún tutọ́. Ó ṣe fùú... fùú... fùú-ṣẹ, fùú-ṣẹ, ó bá yọ mọ́ mi lọ́wọ́!

Ó lọ, ẹ̀yin ọmọ mi! Pẹ̀lú ẹsẹ̀ pupa rẹ̀! Ọkọ mi ń fi etí tọ̀ ọ́, orí rẹ̀ ń yí bó ṣe ń lọ. Ọ̀gá Sámúẹ́lì sáré bọ́ fìlà, ó fi gbé e ní ìparí pákó kó má baà ṣubú. Ó dúró wò ó. Ó ní, “Lásísì, iná rẹ dára.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni dírẹ́bà ń sọ fún fáyámáànù bí wọ́n bá gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọkọ mi nà ró bíi sójà. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Ìyàwó mi ló ṣe ọkọ̀ náà.” Níwájú gbogbo Ifọ̀ ló ti sọ ọ́ o! Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ò gbà mí.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọta ti ń wá pè é. Á gbé etí sí i, á ní, “Ibí ni,” èmi á tú u. Láti Ifọ̀ títí dé Akútè ni wọ́n ti ń wá. Iṣẹ́ yẹn la fi tọ́ Múnírù, bàbá yín. Ọkọ mi ò jókòó lásán mọ́ títí ó fi kú. Ọkọ̀ kékeré náà ńkọ́? Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán tipẹ́. Kò dùn mí. Ó ti ṣe iṣẹ́ tó wá ṣe.

Lónìí, ẹ ó ra ọkọ̀ oníbátìrì fún ọmọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti bàjẹ́, ẹ ti jù ú nù. N kò bá yín jà. Ayé yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe bátìrì o. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín, bí àìlera bá dá a jókòó, ẹ má kàn káàánú rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ohun tó mọ̀.