Àmù Nafusa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọsàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ní ìlú Sohag níbí, ẹ yé pè mí ní olóore. Ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà pé lónìí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Èmi Wagdi, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ nítorí omi, èmi ni mo pa Ibtisam, ọmọ ọdún mẹ́rin.

A lọ fàdákà kúnná débi pé ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀, a fi pa inú asẹ́ amọ̀, kó lè máa pa kòkòrò àìfojúrí inú omi. Ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí wa, ṣùgbọ́n omi tó mọ́ gaara la fi dán an wò níbẹ̀, ọ̀lẹ ni wá! Nígbà tí a pín in fún ilé méjìlá ní abúlé kan létí odò Náílì, ẹrẹ̀ bo fàdákà náà mọ́lẹ̀. Kòkòrò kún omi ilé mọ́kànlá. Ti ìyá àgbà kan, Nafusa, nìkan ló mọ́. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe.

"Dókítà ọmọ mi, ṣé omi ẹlẹ́rẹ̀ ni kí n wá dà sínú nǹkan yín tó rẹwà báyìí? Inú àmù mi ni mo máa ń kọ́kọ́ dà á sí. Màá ti fi kóró èso míṣímíṣì pa inú rẹ̀ yíká, omi á tòrò kí n tó bù ú sínú asẹ́. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ìwé ni?"

Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lamlum, ẹ̀rín ló fi mí rín. "Wagdi, ṣé kóró èso la fẹ́ gbé lọ síwájú ayé? Lọ wá èsì tó dáa wá." Ó yé mi. Mo bu omi Nafusa sínú ìgò méjìlá, mo sì kọ orúkọ ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn lára. Olè tó wọ aṣọ funfun ni mí.

Òkìkí wa kàn, àwọn aláṣẹ fẹ́ wá wò ó, Lamlum kò sì fẹ́ kí wọ́n rí àmù kankan. Èmi ni mo lọ bá Nafusa. "Ìyá, ẹ fọ́ àmù yẹn. Asẹ́ wa ti tó."

"Kí ni yóò wá mú omi tòrò?"

"Ìyá, ẹ fọkàn tán wa."

Ó fọkàn tán mi, ó sì fi ọmọ odó fọ́ ọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ìgbẹ́ gbuuru mú Ibtisam, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kú.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn? Rárá o. Níbi ọ̀fọ̀, mo mú ife kọfí tí kò ní ṣúgà, irú èyí tí a máa ń fún àwọn tó bá wá kẹ́dùn, lọ́wọ́ nígbà tí Nafusa bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé: "Dókítà, kí ló ṣe omi mi?" Mo ní: "Ìyá, ẹ ò fọ asẹ́ yẹn dáadáa ni." Ìyá ọmọ náà yíjú sí i: "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin lẹ pa á!" Mo rọra mu kọfí mi tán. Ẹranko ni mí!

Ó di ọdún mẹ́sàn-án. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin Nafusa, bàbá Ibtisam, wá kí mi, ó sì ń sọ fún mi, láìmọ nǹkan kan, pé ìyá òun kì í bu omi fún ọmọdé mọ́. Bí wọ́n bá tọrọ, á fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, á ní: "Lọ bá ìyá rẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú yàrá ìwádìí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ọ̀gá fẹ́. N kò tọrọ àforíjì, kò tọ́ sí mi. Kí ẹnìkan ṣáà gbé ìwé yìí lọ bá Nafusa lónìí, kó kà á sókè fún un níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyá Ibtisam, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bu omi fún àwọn ọmọ.