Káàdì Tó Mú Ẹnìkan Dání

Màmá, ẹ má tíì ní kí n jókòó, n ò lè jókòó! Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí ọmọ yín tó kó ẹrù wọlé tán, torí tó bá wọlé báyìí, ẹnu dídùn ni yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyàwó rèé?

Ní pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ yìí! Ìlà méjì ló wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara àti ẹrù wò, ọ̀kan gùn bí ọjọ́ ebi, èkejì ṣófo, ti àwọn tó ń wọ bàálù lemọ́lemọ́. Ọmọ yín yọ káàdì rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, máa kó àwọn ọmọ bọ̀ o, èmi nìkan ni káàdì yìí gbà." Mo ní kò burú. Iṣẹ́ ló ń gbé e kiri, mo mọ̀. Mo pọn ọ̀kan, mo fa èkejì lọ́wọ́, mo gba ìdí ìlà lọ.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè! Ta ni mo rí? Obìnrin ibi iṣẹ́ rẹ̀, oníbàtà gogoro yẹn, tó máa ń pè é lórí fóònù nígbà tó bá ń jẹun lọ́wọ́! Ó ń yan bọ̀. Ọmọ yín juwọ́ sí i, ó na káàdì sí ẹ̀ṣọ́, ó ní, "Àwa méjèèjì ni." Káàdì kan ṣoṣo, màmá, àwọn méjèèjì sì wọlé!

Háà! Mo bi ẹ̀ṣọ́ ọ̀dọ̀ tiwa, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, káàdì yẹn lè mú ẹnìkan dání." Ẹnìkan! Kì í sì í ṣe èmi tí mo bí méjì fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́. Wọ́n ní kí n sọ ọmọ kalẹ̀, mo sọ̀ ọ́, ó figbe ta. Wọ́n ń mi ìgò wàrà àwọn ọmọ bí ẹni pé májèlé ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, àwọn méjèèjì yẹn jókòó, wọ́n ń mu tíì, ọmọ yín ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n ò gbọ́ nílé láti ìgbà tí mo ti lóyún.

Ẹ ní kí ni? Ọ̀gá rẹ̀ ni? Ọ̀gá tí kò ní káàdì tirẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má gbè é!

Ọmọ yín ní owú ló ń jẹ mí. Owú ni! Wọ́n ní owú kì í jẹ́ kí obìnrin sanra, ẹ jẹ́ kí n rù!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń bọ̀ yẹn. Ẹ bi í lójú mi, ẹ bi í ìdí tó fi purọ́ fún mi. Tó bá ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ẹ sọ fún un pé lọ́jọ́ tí a bá ń padà, òun ni yóò kó ọmọ méjèèjì, méjèèjì o, tí yóò to ìlà gbọọrọ yẹn títí dé iwájú. Tí kò bá lè ṣe é, kó máa dá lọ. Èmi àtàwọn ọmọ mi kò kúrò nílé yìí mọ́, màmá. Ẹ fi yàrá wa hàn wá.