Orúkọ Tí Áńtíókù Fún Wọn

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Etí ara mi ló gbọ́ ọ nílé ìfọṣọ kan ní Houston, lọ́dún tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀. Ìyá Aládùúrà kan ń bá ọ̀dọ́kùnrin ẹnjiníà ìjọ wọn wí.

“Ọ̀gá rẹ bá ọ níbí, ó bi ọ́ pé kí ni sùtánà yìí, o ní aṣọ eré Halloween ni?”

“Ẹ̀rù bà mí, Mọ̀mí. Wọ́n ń dá èèyàn dúró níbi iṣẹ́ wa.”

“Ìwọ tó kọ́ wa nípa Áńtíókù lọ́jọ́ Ìsinmi! O ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò sọ ara wọn ní Kristẹni. Ará ìlú ló wò wọ́n, tó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.”

Ará ìlú ló wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Ọ̀dọ́kùnrin náà dorí kodò. “Ojú ń tì mí, Mà. Ọ̀gá mi ṣì wà níta, ó ń kó aṣọ sínú ọkọ̀. Kí ni kí n lọ sọ fún un?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kí ni ẹ̀ bá ní kó sọ?