Adìyẹ Tó Rìn Kí Ọwọ́ Mi Tó San

Má kúnlẹ̀ fún mi, Ràmọ́tà, dìde, ìkúnlẹ̀ kì í to eegun, bó bá ń to eegun ni, ọwọ́ mi ì bá ti gún bí ọ̀pá, nítorí láti òwúrọ̀ lo ti wà lórí orúnkún. Dìde kí o wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ nìyí. Wo ọrùn ọwọ́ tó tẹ̀ bí ṣíbí tí ọmọdé fi wa ilẹ̀. Ó ti so, mi ò ní kò so, ṣùgbọ́n ó so ní wíwọ́. Lánàá ni dókítà gbé fọ́tò eegun náà síwájú iná, ó ní, "Bàbá, ta ló tú u kó tó pé ọjọ́?" Mo ní adìyẹ ni. Ó wo ojú mi, ó wo nọ́ọ̀sì, ó rò pé orí mi ti ń yí. Èmi alára ò sì tíì mọ̀ nígbà yẹn irú adìyẹ tó jẹ́.

Mubarakah aládìyẹ ló là mí lójú. Ó ń kọjá lọ ní iwájú ilé láàárọ̀ yìí, ó kí mi, ó ní, "Bàbá, adìyẹ pupa tí Ràmọ́tà rà lọ́wọ́ mi nígbà tí ti ẹlẹ́sẹ̀ kíkán kú, ṣé ó ti ń yé?" Ti ẹlẹ́sẹ̀ kíkán kú. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń béèrè ọjà. Mo ní ó ń yé. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ṣé kí n sọ fún un pé èmi ni mo ń gbé inú ilé pẹ̀lú adìyẹ fún oṣù mẹ́ta, tí mi ò mọ̀ pé ó ti kú?

Rárá, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. O ti dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, tún dákẹ́ díẹ̀ sí i.

Mi ò sẹ́ tèmi. Èmi ni mo yọ̀ níbi àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, tí mo fi ọwọ́ tilẹ̀ tí ó dún kàù. Ọsibítù fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í, ó pé ọjọ́ mẹ́ta ó ń wú, ó ń ta mí, mo ní kí wọ́n gé sìmẹ́ǹtì náà kúrò, wọ́n ní kí n ní sùúrù, mo ní mi ò ní, wọ́n bá gé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ Abdulrauf bẹ̀ mí títí. Èmi ni mo ní kí ẹ gbé mi lọ bá Bàbá Joel ní Ìmùsìn, nítorí òun ló to itan bàbá mi. Ta ló sì fipá mú mi? Kò sẹ́ni.

O wà níbẹ̀. O rí i bó ṣe ṣe é. Ó fa ọwọ́ mi, mo pe orúkọ ìyá mi. Ó wá mú àgbébọ̀ pupa, ó kán an lẹ́sẹ̀, ewé kan náà ló fi sí tèmi àti tirẹ̀, ọparun kan náà ló là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi dì wá. Ó ní kí a máa gbé adìyẹ lọ sílé, pé ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ tí kò tiro ni òun yóò tú mi. Bí baba rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Adìyẹ ń jẹ ìrora tirẹ̀, èmi ń jẹ tèmi. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé, mo máa ń kí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń kí adìyẹ. Ta ni mo tún ní tí nǹkan kan náà ń ṣe?

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Ìwọ lo rí i. Dípò kí o wá sọ fún mi, o lọ ra òmíràn, o so àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí lo sọ? Ẹ̀rù bà ọ́ pé màá rò pé ikú náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi? Ó dáa, mo lè rò ó. Àgbàlagbà ni mí, mo ti rò ju ìyẹn lọ tí mi ò kú. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ tàn mí, kí ló dé tí o ò kán ti èkejì lẹ́sẹ̀? Àánú rẹ̀ ṣe ọ́. O ṣàánú adìyẹ. Èmi ń kọ́?

Adìyẹ tí kò dá ní nǹkan kan yóò ṣe máa tiro? Ọjọ́ kẹrìnlélógún, èsúnsún jáde lẹ́yìn òjò, ló bá ń sáré káàkiri àgbàlá. Bàbá Joel wọlé, ó rí i, ó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa, ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé okùn. Wàláhì, mo mú káàdì ọsibítù jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo kà á sí ọ létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ la wà. Kí lo dá mi lóhùn? Sọ ọ́. Bí o kò bá sọ ọ́ èmi á sọ ọ́. O ní, "Bàbá, ẹ fi ìwé sílẹ̀, adìyẹ ti rìn."

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ a, b, d lára bébà tí wọ́n fi di àkàrà fún mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín mi, ẹ ní kí ni arúgbó fẹ́ fi ṣe. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ohun tí kò sí nínú ìwé fún mi ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwé wá wúlò fún ẹ̀mí mi, mo fi ohun tí mo fi ojú ara mi kà sílẹ̀, mo gba ti adìyẹ Mubarakah gbọ́.

Wàyí o, bí mo bá bu omi àlùwàlá, ọwọ́ kò yí sókè, gbogbo omi ń dà nù. Mo forí kanlẹ̀ lórí ìrun, àtẹ́lẹwọ́ kò tẹ́, ìkúùkù ni mo fi ń tilẹ̀ níwájú Ọlọ́run bí ẹni fẹ́ jà. Dókítà ní kí n máa rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀, pé díẹ̀ yóò padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ mélòó?

Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ, ọmọ Fatihah, yóò pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọn yóò fá orí rẹ̀. Orí ta ni mi ò fá nínú ilé yìí? Mo fá tìrẹ, mo fá ti Fatihah, abẹ mi ò gé ẹnì kankan rí. Abdulrauf wá ń sọ pé òun á pe onígbàjámọ̀ kan tó ń fi ẹ̀rọ fárí ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìjagun. Kó pè é. Kó fá orí òun Abdulrauf.

Má sunkún. Mo ní kí o má sunkún, omi ojú pẹ̀lú kì í to eegun. Ẹ má sì pa adìyẹ yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ fi se ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ, òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun dá lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Lọ mú ọsàn kan wá àti abẹ mi. Bí mo bá fi abẹ bó èèpo rẹ̀ tán tí omi ọsàn kò jáde, èmi ni màá fá ọmọ mi lórí ní Ọjọ́bọ̀. Bí omi bá jáde, màá gbé abẹ sílẹ̀ fúnra mi, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọparun kúrò lọ́wọ́ mi láìtọ́jọ́, ìwọ ni ọparun báyìí. Jókòó síbí. Di ọrùn ọwọ́ náà mú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gba abẹ́ rẹ̀. Le sí i. Ẹn-ẹ́n.

Má tú u o, àfi tí mo bá ní kí o tú u.