Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Kóyótì

Alága wa, Arákùnrin Verlon Haskew, tí ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo kí yín, mo sì ti gbàgbé ohun tí ẹ wí. Pásítọ̀ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbé àga yín sún mọ́ ibi ẹran yíyan, mo rí yín. Ẹ̀yin ìyàwó ọdẹ, tí ẹ kò rí ọkọ yín láti oṣù kọkànlá títí ìgbà ọdẹ fi parí, ẹ kú ìfaradà. A ti ń dá wọn padà fún yín, bí ẹ bá ṣì fẹ́ wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Hoyt Crumpton ń lọ sílé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olórí àgọ́ ọdẹ yìí. Nígbà tí mo gbà á, mo lè ka irun ojú àgbọ̀nrín láti òdìkejì oko ẹ̀wà. Nísinsìnyí, kùkùté igi ni mò ń kí. Ní oṣù tó kọjá, mo na ìbọn sí bárò Dewey Scoggins, mo ṣe bí àgbọ̀nrín ni, mo sì ní kí Dewey fúnra rẹ̀ má mira. Kò mira. Irú ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ ló ń gba ipò mi lónìí. Bí búrẹ́dì tó ń yan fún wa láàárọ̀ kò bá tíì fọ́ eyín yín, ẹ máa dúpẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń jí dáná fún wa.

Dewey, iṣẹ́ tí mo fi lé ọ lọ́wọ́ ti le ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé inú igbó yìí, kò sí kóyótì, ajá igbó apẹranjẹ yẹn, kan ṣoṣo nílẹ̀ Alabama níbí. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀kan, a sọ fún un pé ajá aládùúgbò tí ebi ń pa ni. Lónìí, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í hu lẹ́yìn odò bí ẹgbẹ́ akọrin tí kò ní ọ̀gá. Láyé ọjọ́sí, abo àgbọ̀nrín a máa kó ọmọ méjì méjì wá sínú oko ẹ̀wà. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, abo mọ́kànlá ni kámẹ́rà tí a so mọ́ igi fi hàn wá. Ọmọ mẹ́ta péré ló tẹ̀ lé wọn. Ta ló jẹ àwọn yòókù?

Òfin tí bàbá mi kọ́ mi, tí mo sì fi kọ́ gbogbo yín, ni pé bí ìbọn bá ba àgbọ̀nrín nírọ̀lẹ́, má lé e. Jẹ́ kó lọ dùbúlẹ̀, kí o lọ gbé e láàárọ̀. Òfin rere ni. Kóyótì ló bà á jẹ́. Ẹran tí o bá fi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, egungun ìhà rẹ̀ ni wàá bá láàárọ̀, bí o bá tilẹ̀ bá nǹkan kan.

Òfin kejì ni ti ẹni tó bá yìnbọn tí kò rí ẹran mú bọ̀. A ó gé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, a ó kàn án mọ́ ògiri. Ẹ wo ògiri yẹn. Gbogbo yín ló wà níbẹ̀. Pásítọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tèmi dà?

Ẹ máa ń ní Hoyt kì í tàsé. Hoyt tàsé. Ọdún kẹjọ rèé. Akọ kan tó tóbi bíi màlúù dúró ní ogún ìṣísẹ̀ sí mi. Ó wò mí, mo wò ó, mo yìn ín, igi ni mo bà. Kò tilẹ̀ sáré. Ó rìn lọ ni. Ojú tì mí, mo wá sọ fún yín pé mo bà á, pé kóyótì ló jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ bá mi kẹ́dùn, ẹ kò sì gé ṣẹ́ẹ̀tì mi. Verlon fọwọ́ lé mi léjìká. Neva Tidmore se kéèkì alágbọn wá fún mi. Mo jẹ kéèkì náà tán.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kan Lamar, ọkọ Neva. Àwọn méjèèjì ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ ibí gbẹ̀yìn. Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá, n kò sì sọ ìdí rẹ̀. Lamar ní òun ba akọ kan nírọ̀lẹ́, ẹ̀ka mẹ́wàá ló wà lórí ìwo rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja. Ó tẹ̀ lé òfin mi, ó fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Òjò rọ̀, ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ dànù, kò rí nǹkan kan. Ó ní kóyótì ni.

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé irú irọ́ tèmi lòun náà ń pa. Wọ́n ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Èmi olè, ẹsẹ̀ olóòótọ́ ni mo tọ̀ lọ.

Mo ní, “Lamar, yí ẹ̀yìn sí mi.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Hoyt, Neva ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ṣẹ́ẹ̀tì yìí.”

Mo ní, “Á rán òmíràn.”

Mo gé e. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Lamar kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Neva bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà àga mìíràn ló ń gbà.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, mo bá orí àgbọ̀nrín kan nínú ẹ̀gún létí odò. Ẹ̀ka mẹ́wàá, ọ̀kan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Kóyótì ti jẹ ìyókù. Kí ni ó yẹ kí n ṣe? Ẹ mọ̀ ọ́n. Kí ni mo ṣe? Mo fi í pamọ́ sábẹ́ koríko nínú abà mi, nítorí bí mo bá gbé e wá, ẹ ó bi mí pé orí àgbọ̀nrín tèmi dà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ogún. Ìyàwó mi Imogene ló ń wá ibi tí adìẹ ń yé sí ní oṣù tó kọjá.

Ó ní, “Hoyt, ta ló ni orí yìí?”

Mo ní, “Àgbọ̀nrín ni.”

Ó ní, “Mo rí i pé àgbọ̀nrín ni. Mo ní ta ló ni ín.”

Mo sọ fún un. Ó ní, “O sọ ọ́ fún wọn, tàbí kí n sọ ọ́. Èmi á sì sọ ọ́ dáadáa jù ọ́ lọ.”

Òun rèé lórí tábìlì, Lamar. Tìrẹ ni. Neva, ẹ dárí jì mí, pàápàá ní ti kéèkì yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kò lè mọ bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó. Mo ti gbé orí yẹn fún ọdún mẹ́fà, n kò sì gbé ohun tó wúwo tó o rí. Dewey, pa òfin bàbá mi rẹ́: kí ẹni tó bá ba ẹran sinmi díẹ̀, kó pe ẹni méjì, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ náà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìbọn yín yìn mọ́ yín lọ́wọ́. Kí ọmọ àgbọ̀nrín pọ̀ ju eyín kóyótì lọ. Kí ẹ dàgbà ju tèmi lọ, kí ẹ sì gbọ́n ṣáájú kí ẹ tó dàgbà.

Lamar, gba àlùmọ́gàjí. Mo ti yí ẹ̀yìn. Bí o bá gé tèmi tán, já tìrẹ kúrò lára ògiri.

Kí lo wí? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ó ní kí n fi tòun sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí mo gé e, òun tàsé abo kan, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń wo ojú rẹ̀. Èmi tí mo mọ irọ́ pa tó yìí, n kò lè sọ bóyá òótọ́ ni tàbí èmi àgbàlagbà ló ń bò láṣìírí. Neva sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gé e, àbúrò mi. Gé e ga díẹ̀, kí Imogene má rí ohun tó máa rán. Ẹ ṣé o.