Wọ́n Ní Ọkọ Mi Kó Owó Kọ́lẹ́jì Jẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè pariwo. Ọkọ mi wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìwòpin, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Ó ti rù débi pé tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, mi ò lè wo èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í béèrè oúnjẹ, kì í béèrè oògùn. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Ìyá Fọlákẹ́, ṣé Fọlákẹ́ ránṣẹ́?" Màá ní ó ránṣẹ́, màá ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un níléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Irọ́ ni mò ń pa. Ọmọ wa kan ṣoṣo kò ránṣẹ́, kò sì múra àtiwá, nítorí ohun tí gbogbo ìlú gbà lòun náà gbà, pé olè ni bàbá òun. Èmi tí mo mọ̀ pé kì í ṣe olè, tí mo mọ ibi tí gbogbo owó náà ti wá, èmi ni mo panu mọ́. Ṣé ẹ rí irú ẹrù tí mo gbé sórí?

Tíṣà ni ọkọ mi nígbà tó fẹ́ mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà látìgbà baba baba rẹ̀. Èmi ní tèmi, ọmọ Aládùúrà ni mí, ní Àtìkòrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn èèyàn rẹ̀ kùn díẹ̀ pé ó lọ fẹ́ ọmọ aláṣọ funfun, àmọ́ kò dá wọn lóhùn. Bó ṣe rí nìyẹn, tó bá ti pinnu nǹkan, ó ti pinnu. Lọ́dún tí mo bí Fọlákẹ́ ló fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tó sì dá kọ́lẹ́jì tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ìjọ kankan. Ó ní òun ò fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti di akọ̀wé nìkan. Ó fẹ́ kí ọmọ kan náà mọ ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀, kó mọ ìṣirò, kó mọ Látìn, kó lè ka orin láti inú ìwé, kó mọ ìdí tí ewé fi ń wọ́, kó sì lè dìde láàárín àgbà kó sọ ohun tó rò láìgbọ̀n. Ó ní bó pẹ́ bó yá, ibẹ̀ máa di yunifásítì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ò sì ní ní láti wọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun kó tó gboyè. Àwọn òbí á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Tíṣà, Látìn yìí, ṣé wọ́n ń tà á lọ́jà Òkè-Àgbò ni?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òfin kan wà tí kì í fi ṣeré níbẹ̀: wọn ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ kankan lọ sílé nítorí owó ilé-ìwé. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá lé lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í tún fetí sí tíṣà bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ dùn ún sọ ju kéèyàn rówó gbọ́ bùkátà rẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn òbí ń san kò tó owó oṣù àwọn tíṣà, ká má tíì sọ ti bẹ́ǹṣì àti páànù. Ó tọ ìjọba lọ, wọ́n ní kó kọ́kọ́ kọ́ irú ilé báyìí báyìí kí àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìjọ kan ní àwọn lè gbà á, tó bá lè wá ibòmíràn fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Aládùúrà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì padà sílé. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sẹ́yìnkùlé títí ọbẹ̀ fi tutù, ó ní bóyá kóun kúkú ti ilẹ̀kùn kọ́lẹ́jì náà pa.

Ìyẹn ni mo lọ sọ fún bàbá mi. Oníṣòwò gẹdú ni bàbá mi, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú mi lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ìyá mi títí ìyẹn fi kú. Ó ní nígbà tí mo wà ní kékeré, àìsàn kan gbé mi dùbúlẹ̀ débi tí wọ́n ti ń wá pákó tí wọ́n máa fi sin mí. Ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ́ mi sórí ẹní níwájú pẹpẹ, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní tí Ọlọ́run bá dá mi sí, gbogbo igi inú igbó kan tóun fowó ara òun rà, ti Ọlọ́run ni, àti pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ pé òun lòun fi í sílẹ̀. Mo yè. Àmọ́ láti ọdún náà wá, kò tíì mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi igi ṣe. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Kọ́lẹ́jì ọkọ rẹ ni. Ìwọ àtòun nìkan ló máa mọ̀, torí ẹ ò lè máa ná owó tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ ni mo fi igi yẹn rà, ọmọ mi. Tó bá wá jáde lẹ́nu rẹ..." Kò parí rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a parí rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Bá a ṣe ń ṣe é kò le. Igi inú igbó yẹn á bá ìyókù igi bàbá mi lọ, lọ́rí á gbé e dé etí omi ní Ìwòpin, wọ́n á dì wọ́n mọ́ra, omi á sì gbé wọn lọ sí Èkó. Mo ti ń ṣòwò obì láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti etí omi tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì pé mò ń lọ, mò ń bọ̀. Bàbá mi á fún mi lówó ní Ìwòpin, màá tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ewé nínú apẹ̀rẹ̀ obì, màá gbé e wálé fún ọkọ mi. Áńgílíkà ni, kò ka irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí rárá. Mo rántí pé ó wò mí tìyanutìyanu nígbà tí mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mi ò gbà á gbọ́, àmọ́ ìwọ gbà á gbọ́. Ó ti tó." Bẹ́ẹ̀ làwọn tíṣà ṣe ń gbowó oṣù wọn lásìkò, tá a fi páànù tuntun bo gbọ̀ngàn, tí ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní bàtà sì ń bá ọmọ àlùfáà kọ orin lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọdún wọ̀nyẹn dùn, mi ò ní purọ́.

Ìgbà tó yá ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kéde pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Inú wa dùn, àwa náà jó. A ò mọ̀ pé ohun tó máa fọ́ ilé wa nìyẹn. Àwọn òbí tó ń san díẹ̀díẹ̀ dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ṣebí ọ̀fẹ́ ni ìjọba sọ. Ọkọ mi kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ kéde ní mọ́ṣáláṣí, pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ń sọ, pé kọ́lẹ́jì tòun ò sí níbẹ̀. Alága àwọn òbí, ọkùnrin kan tó ń ra kòkó, tí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, rọra dìde ní ìpàdé kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ẹ kì í lé ọmọ. Àwọn tíṣà yín ń gbowó. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù. Ta ló ń san án?" Ọkọ mi ní, "Ọlọ́run ni." Alága ní, "Ọlọ́run tó wà ní Ìbàdàn yẹn, ẹ bá wa kí i o." Gbogbo gbọ̀ngàn rọ́ sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, wọn ò fi ibi sí i. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó ti dá wọn lójú pé ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà kọ́lẹ́jì, pé ọkọ mi kàn fẹ́ gba tọ̀tún gba tòsì ni. Kí la fẹ́ sọ? Gbogbo ohun tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fojú rí.

Bí wọn ò ṣe san mọ́, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi túbọ̀ ń gé igi. Ọ̀gànwó lọ, ìrókò lọ, ó kan arère. Mo bá a wọ igbó náà nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, oòrùn ń ràn dé ilẹ̀ níbi tí a kì í ti í rí ojú ọ̀run. Ó fọwọ́ kan kùkùté kan, ó ní, "Mo ti san ẹ̀jẹ́ mi tán." Tayọ̀tayọ̀ ló fi kú. Àwa tó fi sílẹ̀ ò mọ ohun tá a máa jẹ. Oṣù kan kọjá láìsí owó oṣù, òmíràn tẹ̀ lé e. Tíṣà tó ń kọ́ wọn lórin kọ́kọ́ lọ, ti Látìn tẹ̀ lé e. Ìlú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé níbo ni owó ìjọba wọlé sí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìdáhùn. Wọ́n ní ṣebí ìyàwó rẹ̀ ló ń fi gbogbo ìgbà lọ sí Ìwòpin. Wọ́n ní obì wo, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé sínú gbọ̀ngàn tí a fi owó igi bàbá mi kan páànù rẹ̀. Lójú mi ni wọ́n ti bi ọkọ mi pé kó ṣàlàyé ibi tí owó àtẹ̀yìnwá ti wá, àti ibi tó wọlé sí. Alága ò ṣe bí ọ̀tá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣáà sọ nǹkan kan, a máa gbà á." Ọkọ mi yíjú síbi tí mo jókòó láàárín àwọn obìnrin. Kò bẹ̀ mí, kò mi orí sí mi. Ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀rù ikú bà mí. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi níbi tó ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró, mo sì tẹ orí ba. Nígbà tí mo gbé e sókè, ọkọ mi ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò jẹ owó yín." Ó tán. Ó kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó sì jáde.

Oníṣòwò kan ló gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní títẹ ẹ̀rọ ìkọ̀wé níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń sanwó, ẹni tí kò bá san á lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó kùn. Àwa kó wá sí Ìwòpin, ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ apẹja ní á-bí-dí. Àwọn èèyàn tó gbọ́ ní kò wá tán, ó ti lọ sínú ilé tó fowó wa kọ́. Yàrá kan la háyà. Fọlákẹ́ wá nígbà kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?" Mo ní kó wọlé jẹun. Ó ní, "Ẹ dá mi lóhùn, Màmá." Mo ń bu oúnjẹ lọ. Ó yí padà lọ sí etí ọ̀nà, bàbá rẹ̀ sì wà nínú yàrá tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ sọ ọ́ wàyí. Ó di ọwọ́ mi mú, agbára tó kù lára rẹ̀ ló fi dì í mú. Ó ní, "Má sọ ọ́. Orúkọ ò lè bomi fún mi mu. Ìwọ ni mo fẹ́." Ẹ gbọ́ mi, mo ti sunkún láyé mi, mi ò sunkún bíi ti ọjọ́ yẹn rí. Ọkùnrin tí kò gba ẹ̀jẹ́ yẹn gbọ́ rárá ló fi orúkọ rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀, nítorí pé èmi gbà á gbọ́. Ṣé kí n jẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n jẹ́ kó máa bi mí nípa ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi máa tán?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níléèwé, tí ẹ bá rí ibi tí wọn kì í ti í lé ọmọ nítorí owó, ẹ má sọ pé ìjọba ni. Ẹnì kan ló ń san án. Ó lè jẹ́ nǹkan rẹ̀ tó kù ló ń gé. Ẹ fi owó díẹ̀ ràn án lọ́wọ́, kódà bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n.

Mo ti sọ ọ́ tán báyìí. Yàtọ̀ sí ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo ṣì ń mí. Láàárọ̀ ọ̀la mo fẹ́ wọ lọ́rí lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, kí n lọ sọ ọ́ fún Fọlákẹ́ lójú ara rẹ̀, kí n mú un wá bá bàbá rẹ̀. Àbí kí n dúró ti aláìsàn, kí n ṣe ohun tó ní kí n ṣe? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ ti jù mí lọ ní ìmọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé mo kú kí n tó débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan nínú yín bá mi lọ. Kó béèrè tíṣà obìnrin tó ń jẹ́ Fọlákẹ́. Kó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò kó owó ẹnikẹ́ni jẹ, kó sì sọ fún un pé ó ń béèrè rẹ̀.